Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru Tán Lọ́wọ́ Màmá ní Mararaba: Bí Wọ́n Ṣe Rí Apòògùn Tó Ní Ìwé Àṣẹ

Ìyá ẹni ọdún 68 kan wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Mararaba lẹ́bàá Àbújá láti bá ọmọ rẹ̀ obìnrin tọ́jú ìkókó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló ní lọ́kàn láti lò, ṣùgbọ́n ìyá ìkókó fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sì sẹ́ni tí yóò di ọmọ mú, ni ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá di oṣù mẹ́ta. Oògùn tí wọ́n fún Màmá ní ilé ìwòsàn kó tó kúrò nílé kò lè tó bẹ́ẹ̀. Méjì ni: Amlodipine 5 mg, ẹyọ kan láàárọ̀, àti Lisinopril 10 mg, ẹyọ kan láàárọ̀. Nígbà tí wọ́n tán, wọ́n ti kó páálí wọn dànù. Káàdì òfìfo kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù nínú báàgì Màmá, wọ́n sì ti fi sísọ́ọ̀sì gé apá ibi tí orúkọ oògùn àti iye mílígráàmù wà kúrò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn la fẹ́ kọ sílẹ̀ ní kíkún, láì dárúkọ ẹnikẹ́ni tàbí ṣọ́ọ̀bù kankan. Irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ láti Nyanya dé Masaka, láti Kubwa dé Zuba. Ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn pọ̀ lọ jàra ní àwọn àdúgbò wọ̀nyí. Ibi téèyàn ti lè bá apòògùn, ìyẹn pharmacist, sọ̀rọ̀ lójúkojú ni kò pọ̀. Ènìyàn ni kí ẹ wá, ẹ má wá ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ohun tí a ó sọ nísàlẹ̀ yìí, ibẹ̀ ló dá lé.

Káàdì òfìfo, ẹsẹ̀ wíwú

Ọmọ Màmá mú káàdì náà lọ sí kẹ́mísì tó wà ní ìkóríta. Ọmọkùnrin tó jókòó sídìí káńtà yí i síwá sẹ́yìn, ó rí "dipine" tó kù lára rẹ̀, ó sì gbé Amlodipine lé e lọ́wọ́. Orí ló kó Màmá yọ níbẹ̀, nítorí Nifedipine náà parí sí "dipine", oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sì lòun náà, ṣùgbọ́n ìlò rẹ̀ yàtọ̀. 10 mg ló wà lórí àtẹ. Ọmọkùnrin náà kò béèrè iye tí Màmá ń lò tẹ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un. Lisinopril ní tirẹ̀, Màmá rántí orúkọ àti iye rẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n sì fún un bó ṣe yẹ.

Báyìí ni Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í lo Amlodipine ní ìlọ́po méjì. Nígbà tí yóò fi tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti wú. Téèyàn bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn, á sì pẹ́ díẹ̀ kó tó kún padà. Ẹsẹ̀ wíwú wọ́pọ̀ lára àwọn tó ń lo Amlodipine, pàápàá àwọn obìnrin, bí mílígráàmù rẹ̀ bá sì ṣe ń pọ̀ ni ó ṣe ń wọ́pọ̀ sí i. Kì í ṣe pé omi ti pọ̀ jù lára. Oògùn náà ń mú kí àwọn òpó kéékèèké tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ fẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé e padà kì í fẹ̀ tó wọn, ni omi inú ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ́ jáde sínú ẹran ara. Ìdí nìyí tí oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ ni kí dókítà dín Amlodipine kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀.

Oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ náà ni wọ́n sì fún un ní kẹ́mísì: Furosemide 40 mg, ẹyọ kan lójúmọ́. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dun Màmá nítorí ọmọ pípọ̀n. Wọ́n tún padà sí kẹ́mísì kan náà. Ọmọkùnrin náà tú oògùn jáde láti inú agolo ńláńlá, ó dì wọ́n sínú ọ̀rá pélébé, oríṣi mẹ́ta nínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan pupa rúsúrúsú, ọ̀kan funfun kékeré, ọ̀kan aláwọ̀ ìyeyè. Kò sí orúkọ lára wọn. "Kí Màmá máa lo ọ̀rá kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́."

Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, òòyì ń kọ́ Màmá bó bá ti dìde. Ó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, ìtọ̀ rẹ̀ sì dín kù bó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn omi ló ń lò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dìde lórí ìjókòó pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ògiri ló gbà á dúró. Ọjọ́ yẹn ni ọmọ rẹ̀ sọ pé àwọn kò ní padà sí kẹ́mísì mọ́.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kẹ́mísì àti fámásì

Òfin Nàìjíríà ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, bí pátákó wọn tilẹ̀ jọra. Ẹni tó gba ìwé àṣẹ kẹ́mísì lẹ́tọ̀ọ́ láti ta oògùn tí kò nílò ìwé dókítà, nínú páálí tí ilé iṣẹ́ fi dì í: Paracetamol, oògùn inú kíkún, oògùn ikọ́ ọmọdé àti irú wọn. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tú oògùn pò sínú ọ̀rá, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fún èèyàn ní abẹ́rẹ́, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ta oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti orí ara rẹ̀. A mọ̀ pé láwọn abúlé kan, kẹ́mísì nìkan ni ibi tí ẹni tí ibà mú lóru lè sá lọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ni wọ́n sì jẹ́ olóòótọ́ èèyàn. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ wọn kò kan ọ̀rọ̀ irú Màmá yìí rárá.

Apòògùn ní tirẹ̀ ti lo ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà ní yunifásítì nídìí ẹ̀kọ́ oògùn, ó ti fi ọdún kan kọ́ṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà, orúkọ rẹ̀ sì ti wọ ìwé Pharmacy Council of Nigeria, tí gbogbo ayé mọ̀ sí PCN, tí olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Idu ní Àbújá. Pharmacists Council ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Òfin ọdún 2022 ló yí orúkọ rẹ̀ padà. Lọ́dọọdún ni apòògùn gbọ́dọ̀ sọ ìwé àṣẹ tirẹ̀ dọ̀tun. Fámásì fúnra rẹ̀ náà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀, tí wọ́n ń sọ dọ̀tun lọ́dọọdún. Ìwé méjì nìyẹn: ti ènìyàn àti ti ilé. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ni àwọn méjèèjì ń parí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni ẹ ó fi yẹ ògiri wò.

Ibi tí wíwá náà ti kọ́kọ́ dàrú

Fóònù ni ọmọ Màmá kọ́kọ́ gbé. Ó tẹ "pharmacy near me" sórí Google Maps. Èyí àkọ́kọ́ tó gbé jáde jẹ́ kẹ́mísì tó kọ "Pharmacy" sára ògiri rẹ̀. Ìkejì ń ta ìpara, mílíìkì àti aṣọ ìnuwọ́, pẹ̀lú àpótí oògùn kan ní kọ̀rọ̀. Ìkẹta ti kógbá sílé. Èyí kò yani lẹ́nu. Ẹnikẹ́ni ló lè gbé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sórí Google kó sì pè é ní ohun tó wù ú, Google kì í béèrè lọ́wọ́ PCN. Ohun tí máàpù dára fún ni kó júwe ọ̀nà lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ ibi tí ẹ ń lọ.

Ó wá lọ sórí ìkànnì PCN láti wo orúkọ àwọn fámásì tó ti sọ ìwé àṣẹ wọn dọ̀tun. Ó wá a lábẹ́ FCT, ìyẹn agbègbè olú ìlú Àbújá, kò rí ẹyọ kan tó wà ní Mararaba. Ó kù díẹ̀ kó gbà pé kò sí. Níbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Gbogbo wa la ń pe Mararaba ní Àbújá, ṣùgbọ́n téèyàn bá ti kọjá Nyanya tó sọdá sí Mararaba, ó ti jáde kúrò ní FCT, ó ti bọ́ sí Ìjọba Ìbílẹ̀ Karu ní Ìpínlẹ̀ Nasarawa. New Nyanya, Ado, New Karu àti Masaka wà lọ́hùn-ún pẹ̀lú. Karu míì sì tún wà nínú FCT, lábẹ́ AMAC tó jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ìlú Àbújá, nítorí náà orúkọ "Karu" nìkan kò tó. Bákan náà ló rí lápá kejì ìlú: Zuba wà nínú FCT, ṣùgbọ́n Madalla àti Suleja wà ní Ìpínlẹ̀ Niger. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ orúkọ wò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìpínlẹ̀ tí òun ń gbé.

Nǹkan méjì míì ló tún lè da ìwákiri lórí ìkànnì rú. Orúkọ tó wà lórí pátákó lè yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni, ìwé tuntun lè má tíì jáde fún ẹni tó ń sọ tirẹ̀ dọ̀tun lọ́wọ́. Ẹ ní kó fi ti ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí hàn yín. Ẹni tó bá ní in kò ní pẹ́ kó tó mú un wá.

Ògiri

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wá a. Fámásì tó kọ́kọ́ wọ̀ mọ́ tónítóní: àgbélébùú aláwọ̀ ewé tó ń tanná níta, gíláàsì, ẹ̀rọ amúlétutù, ọmọbìnrin kan nínú kóòtù funfun. Sàtífíkéètì méjì wà lára ògiri lẹ́yìn káńtà nínú férémù. Ó sún mọ́ wọn, ó kà wọ́n. Ọdún tó wà lórí wọn ti kọjá láti ọdún méjì sẹ́yìn. Nígbà tó béèrè, ọmọbìnrin náà ní ìwé tuntun wà lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ẹ jẹ́ ká sọ èyí gbangba: àgbélébùú aláwọ̀ ewé kì í ṣe ẹ̀rí, kóòtù funfun kì í ṣe ẹ̀rí, wọ́n ń ta méjèèjì lọ́jà. Ọmọbìnrin yẹn lè jẹ́ ẹni tó kàwé mẹ́wàá tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tajà.

Bí ẹ bá dúró síwájú ògiri fámásì, ohun tí ẹ ó kà nìyí. Sàtífíkéètì ilé: ẹ wo orúkọ fámásì, àdírẹ́sì àti ọdún. Àdírẹ́sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ibi tí ẹ dúró sí, nítorí àwọn kan máa ń ṣe ẹ̀dà ìwé ẹ̀ka kan, wọ́n á fi kọ́ ẹ̀ka kejì tí kò níwèé. Lẹ́yìn náà, ìwé àṣẹ ọdọọdún ti apòògùn: ẹ wo orúkọ rẹ̀ àti ọdún. Orúkọ apòògùn tó ń bójú tó ilé náà gbọ́dọ̀ bá orúkọ inú ìwé yìí mu. Ìwé oyè yunifásítì tí wọ́n gbé kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn dára, ṣùgbọ́n kò lè dípò èyíkéyìí nínú méjèèjì. Tí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó tàbí tí férémù bá ga jù, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ yà á ní fọ́tò. Ara kì í kan ojúlówó apòògùn nítorí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ohun tó ti ṣe wàhálà gbà ni.

Fámásì kejì ní ìwé méjèèjì, ti ọdún náà, orúkọ sì bára mu. Inú ọmọ Màmá dùn. Ó ní òun fẹ́ rí apòògùn. "Ọ̀gá jáde ni, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ rà." Ó padà lọ́jọ́ kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. "Ọ̀gá ń bọ̀." Kò sí apòògùn níbẹ̀. Ẹni tó ni owó ti bá apòògùn kan ṣàdéhùn, ó san owó fún un lọ́dọọdún láti lo orúkọ àti ìwé rẹ̀, apòògùn náà sì gba ibòmíì lọ. Àwọn oníṣẹ́ náà fúnra wọn ní orúkọ fún un, "register and go", PCN sì ń ti irú ilé bẹ́ẹ̀ pa tí ọwọ́ bá tẹ̀ wọ́n. Èyí ló ń dùn wá jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ẹni tó bá kà ògiri dáadáa yóò gbà pé òun ti débi tó yẹ, ọ̀dọ́langba tí kò mọ nǹkan kan ni yóò sì gbé oògùn fún un. Òfin ní kí apòògùn wà nínú ilé níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn tó nílò ìwé dókítà.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n kò le. Ẹ béèrè wákàtí tí apòògùn máa ń wà níbẹ̀. Ilé tó ní apòògùn yóò dá yín lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: "Láti aago mẹ́jọ sí mẹ́fà, ẹlòmíì ló ń gbà á lọ́jọ́ Sátidé." Ilé tí kò ní in yóò sọ pé ó ń bọ̀. Tí ẹnì kan bá jáde wá tó ní òun ni, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì wo ògiri. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi í ní ìbéèrè tó ní í ṣe pẹ̀lú oògùn méjì: "Ṣé ẹni tó ń lo Lisinopril lè lo Ibuprofen?" Ẹni tó bá dáhùn kíá pé kò séwu, tí kò béèrè ọjọ́ orí, tí kò béèrè oògùn míì, kì í ṣe òun ni ẹ ń wá.

Ibi tí wọ́n ti rí i

Ilé ìwòsàn ìjọba ló yanjú rẹ̀. Ọmọ Màmá wọ mọ́tò lọ sí Nyanya, ó lọ sí fèrèsé ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn ní General Hospital, ó sì bi apòògùn tó wà níbẹ̀ pé fámásì wo ní Mararaba ni apòògùn ti máa ń jókòó. Ìbéèrè yẹn ló yẹ kó kọ́kọ́ béèrè. Àwọn apòògùn ilé ìwòsàn àti ti àdúgbò jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, Pharmaceutical Society of Nigeria, wọ́n jọ ń ṣèpàdé, wọ́n sì mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gan-an àti ẹni tó kàn gbé ìwé kọ́. Àwọn apòògùn àdúgbò tún ní ẹgbẹ́ tiwọn, Association of Community Pharmacists of Nigeria, tí wọ́n ń pè ní ACPN, pẹ̀lú ẹ̀ka ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Alága ẹ̀ka lè tọ́ka sí ẹni tó sún mọ́ yín.

Fámásì tí wọ́n júwe fún un kéré, kò sí lójú títì ńlá, kò sì sí gíláàsì. Ìwé méjèèjì wà lára ògiri. Ọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ló jókòó sídìí káńtà.

Ní káńtà

Apòògùn náà kò tà fún wọn. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé: "Ẹ padà lọ mú Màmá wá, kí ẹ sì kó gbogbo ohun tó ń fẹnu lò sínú ọ̀rá kan." Wọ́n gbé Màmá wá nínú kẹ̀kẹ́ NAPEP. Apòògùn jẹ́ ọmọ Igala, Yorùbá rẹ̀ kò ju ìkíni lọ, Màmá kò sì gbọ́ èdè míì. Ọmọ ló ń túmọ̀. Apòògùn bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe gé ọ̀rọ̀ Màmá kúrú, kó má sì bá Màmá dáhùn. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún àwa tí àwọn òbí wa ń wá bá wa lókè ọya: àwọn ọmọ ni wọ́n sábà máa ń sọ pé "kò sí nǹkan kan" nígbà tí Màmá ṣì ń ronú.

Nígbà tí ó béèrè bóyá ohun míì wà tí Màmá ń lò, Màmá ní rárá. Apòògùn wá kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: oògùn ojú? Oògùn oorun? Àgbo? Nígbà tó kan àgbo, Màmá ní, "Àgbo wà o, mo ń mu ún láràárọ̀, obìnrin kan láti Ìsẹ́yìn ló ń gbé e kiri." Zobo ńkọ́? Kọ́ọ̀pù méjì lálaalẹ́. Zobo máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ díẹ̀. Nǹkan dáadáa ni fún ẹni tí kò lo oògùn púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí òòyì ti ń kọ́ kò nílò àfikún. Àgbo ní tirẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn, apòògùn sì ní kí Màmá dá a dúró títí dókítà yóò fi rí i.

Ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Màmá lẹ́yìn tó ti jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti àga, apá rẹ̀ wà lórí tábìlì: 142/86. Ó ní kó dìde, ó tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan: 116/70. Tí nọ́ńbà òkè bá fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ nígbà tí èèyàn dìde, ewu ìṣubú nìyẹn. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n ní ìjókòó nìkan, ohun tí ì bá sọ fún Màmá ni pé oògùn rẹ̀ kò tíì tó.

Ó tú ọ̀rá oògùn orúnkún sórí àwo. Èyí pupa rúsúrúsú, ó fi lẹ́tà tó wà lára rẹ̀ dá a mọ̀: Diclofenac. Èyí funfun kékeré jọ Prednisolone. Ìkẹta, ó ní òun kò lè búra. Lójú rẹ̀, ìṣòro Màmá ti yé e. Nínú kídìnrín, àwọn asẹ́ tíntìntín ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Lisinopril ń mú kí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde nínú asẹ́ fẹ̀, Diclofenac ń fún ọ̀nà tó ń gbà wọlé pọ̀, Furosemide sì ń dín omi tó wà nínú òpó kù. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé lára àgbàlagbà, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń wọ asẹ́ á relẹ̀, kídìnrín á sì dẹwọ́ iṣẹ́. Ìyẹn ló fà á tí ìtọ̀ fi dín kù lára ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀. Diclofenac sì tún máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó sì ń da iṣẹ́ Lisinopril rú.

Ó ní kí wọ́n jáwọ́ nínú ọ̀rá náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Prednisolone ọjọ́ mẹ́fà ṣeé dá dúró lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ pé ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni, dídá a dúró lójijì léwu, díẹ̀díẹ̀ ni dókítà máa ń fà á wálẹ̀. Nípa àwọn yòókù, kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ wọn. Ó kọ lẹ́tà sí dókítà: ọjọ́ orí Màmá, oògùn tí wọ́n kọ fún un nílé àti èyí tó ti ń lò fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ọjọ́ tí Furosemide àti Diclofenac bẹ̀rẹ̀, ìfúnpá ní ìjókòó àti ní ìdúró, ìtọ̀ tó dín kù, àti pé kí wọ́n jọ̀ọ́ yẹ kídìnrín àti iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ náà. Ojú ewé kan. Lẹ́tà yẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n fi Màmá sídìí ìlà títí di ọjọ́ kejì.

Àyẹ̀wò fi hàn pé creatinine, ìdọ̀tí tí kídìnrín ń kó jáde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ti ga ju bó ṣe yẹ lọ. Dókítà dá Furosemide dúró pátápátá, ó dá Lisinopril dúró fúngbà díẹ̀, ó sì dá Amlodipine padà sí 5 mg. Orúnkún gba Paracetamol 500 mg, ẹyọ méjì, ó pọ̀ jù lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Nígbà tí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, creatinine ti wálẹ̀, wọ́n sì dá Lisinopril padà. Ẹsẹ̀ wíwú ti lọ sílẹ̀ kó tó dìgbà yẹn.

Bí wọ́n ṣe ń rà á báyìí

Apòògùn kọ orúkọ Màmá sínú ìwé rẹ̀. Páálí Amlodipine tí ó ń tà jẹ́ ẹyọ 28, kì í ṣe 30, nítorí náà kì í pé oṣù. Ẹni tó bá ń rà á ní ìparí oṣù yóò máa fo ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta láìmọ̀. Ọjọ́ kọkànlélógún tí Màmá bẹ̀rẹ̀ páálí kan ni fámásì máa ń tẹ ọmọ Màmá láago, kí ọ̀sẹ̀ kan tó kù má bàa bá wọn lójijì. Màmá kò kàwé, ni apòògùn bá fi gègé dúdú fa ìlà kan ṣoṣo sára páálí kọ̀ọ̀kan, ìlà kan fún ẹyọ kan, ó sì ya oòrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ti Paracetamol ní ìlà méjì, oòrùn kan àti òṣùpá kan. Ó ní kí Màmá sọ ọ́ padà fún òun, Màmá sì sọ ọ́ bó ṣe rí.

Kí wọ́n tó gba oògùn, wọ́n máa ń wo nọ́ńbà NAFDAC, nọ́ńbà ìpele tí wọ́n ṣe é, àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, lára páálí àti lára káàdì inú rẹ̀. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Ibi tí wọ́n ń fi owó ẹyọ ha, tí nọ́ńbà á jáde tí wọ́n á fi ránṣẹ́ lórí fóònù, ara oògùn ibà àti àwọn oògùn apakòkòrò ló pọ̀ sí jù. Àìsí rẹ̀ lára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò túmọ̀ sí pé ayédèrú ni. Páálí tó yí àwọ̀ padà náà kò túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2023 tí àwọn ilé iṣẹ́ oògùn GSK àti Sanofi ti kéde pé àwọn ń yí ọwọ́ iṣẹ́ wọn padà ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ orúkọ tí a mọ̀ ti pòórá tàbí kí wọ́n wọ́n gógó, ilé iṣẹ́ mìíràn sì ló ń ṣe oògùn kan náà. Orúkọ oògùn gan-an àti mílígráàmù ni kí ẹ dì mú.

Ti ọjà tó dín owó, inú bọ́ọ̀sì Keffi àti orí ọmọlanke ní ọjà Mararaba, òfin kò fàyè gba kí wọ́n máa ta oògùn níbẹ̀ rárá, oòrùn sì ti sè é kó tó dé ọwọ́ yín. Àwọn tó wà ní Kano náà mọ̀ pé wọ́n ti kó àwọn oníṣòwò oògùn Sabon Gari lọ sí Dangwauro ní ọdún 2024. Àwọn tó ń ra oògùn lọ tà ni wọ́n ṣe ibẹ̀ fún, kì í ṣe ibi tí èèyàn á ti lọ ra káàdì kan fún Màmá.

Wọn kì í gé káàdì láti apá orúkọ mọ́. Láti apá kejì ni wọ́n ti ń tú u, wọ́n sì ti ya fọ́tò páálí méjèèjì sórí fóònù ọmọ àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lẹ́tà dókítà àti èsì àyẹ̀wò méjèèjì ti wà nínú báàgì Màmá de ọjọ́ tí yóò padà sí kílíníìkì ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ nílé. Apòògùn náà kọ fọ́ọ̀mù aláwọ̀ ìyeyè ti NAFDAC lórí ohun tí oògùn inú ọ̀rá ṣe fún Màmá. Ti kẹ́mísì tó pò ó, ọ́fíìsì PCN ní Ìpínlẹ̀ Nasarawa ló ni ín, kì í ṣe ti FCT. Ọmọ Màmá fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ síbẹ̀ pẹ̀lú àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ tí wọ́n rà á, àti fọ́tò ọ̀rá méjì tí Màmá kò tíì lò.